Màmá Ní Òun Ń Gbọ́

“Màmá ní òun ń gbọ́, ẹ ń sáré wá pósí.” Kò sí ọmọ Yorùbá tó ń gbé ìlú Oulu, ní ilẹ̀ Finlandi, tí kì í pa òwe yìí. Ṣùgbọ́n mélòó nínú wa ló mọ orísun rẹ̀?

Mopélọ́lá, ọmọ Ìkìrun, ló dá a sílẹ̀ láìmọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, ìdánwò èdè Finlandi tó fẹ́ ṣe sì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Bí ó bá kùnà, iṣẹ́ bọ́ nìyẹn. Ọ̀rọ̀-ìṣe ló ń dà á láàmú. Lọ́dọ̀ tiwa, mo lọ, o lọ, wọ́n lọ. Lọ náà ni lọ. Tiwọn kò rí bẹ́ẹ̀: menen, menet, menevät. Ó lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri, ó kọ wọ́n sí àtẹ́lẹwọ́; bó ti ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì ni ètè rẹ̀ ń mì. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ẹ̀rọ tuntun tí wọ́n ń kì bọ etí wá fún Màmá Helmi, tí etí rẹ̀ ti di láti ọdún mẹ́rin. Mopélọ́lá fi ẹ̀rọ náà sí ìyá létí, ó sì kí i. Ìyá ta gìrì. Ó gbá àyà mú, omijé bọ́ lójú rẹ̀, ó ní, “Kuulen! Kuulen!”

Mò ń gbọ́ ni ìyá wí. Kuolen ni Mopélọ́lá gbọ́. Ìyẹn ni, mò ń kú.

“Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, ẹ má kú mọ́ mi lọ́wọ́!” Ó tẹ agogo pàjáwìrì, ó sì pe Eero, ọmọ Màmá Helmi, pé ìyá rẹ̀ ń kú lọ, kí ó máa sáré bọ̀. Eero ti bá onípósí sọ̀rọ̀ lójú ọ̀nà. Nígbà tó fi ẹkún wọlé, kọfí ni ìyá rẹ̀ ń mu.

Ojú Eero pọ́n. Ó kọjú sí Mopélọ́lá, ó ń jágbe pé kí wọ́n lé e lọ kíá. Mopélọ́lá fẹ́ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n kò rí ọ̀rọ̀-ìṣe kan ṣoṣo mú.

“Eero,” ni ìyá rẹ̀ wí, “ọdún mẹ́rin ni n kò fi gbọ́ ohùn rẹ. Máa pariwo náà, jẹ́ n gbọ́.”

Ọkùnrin náà wó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, ó bú sẹ́kún. Ọ̀gá ilé ìtọ́jú náà bá Mopélọ́lá wí gidigidi, ṣùgbọ́n kò lé e. Màmá Helmi fúnra rẹ̀ ló ń kọ́ ọ lọ́rọ̀ lójoojúmọ́ títí ó fi yege.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá gbọ́ àbọ̀ ọ̀rọ̀, tí kò tún béèrè, tó kàn gbéra tó ń sáré kiri, àwọn àgbà wa níbẹ̀ á wò ó, wọ́n á ní: “Màmá ní òun ń gbọ́, ẹ ń sáré wá pósí.”