Ọ̀bọ àti Ìyẹ́ Tó Dúró Lójú Omi

"Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rìn, ó rìn, ó dé etí odò, ó bá Ọ̀bọ níbẹ̀."

"Kí ni Ọ̀bọ ń ṣe níbẹ̀, Bàbá?"

"Ẹ fara balẹ̀. Ẹ̀yin náà ń ṣe bí Ọ̀bọ."

Ní ìgbà kan rí, Ìbídùn, ìyàwó Ọ̀bọ, bímọ. Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ pé. Oyin wà, iyọ̀ wà, obì wà, ẹja ni kò sí. Ìyá ìyàwó jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

"Ọkọ ọmọ mi, ọmọ tí a kò fi ẹja wúre fún, báwo ni yóò ṣe la ibú já? Bí oòrùn bá kan àtàrí tí n kò rí ẹja, mo ń kó ọmọ àti ìyá rẹ̀ lọ sílé mi."

Ọ̀bọ gbé ọ̀pá ìpẹja, ó sáré lọ sétí odò. Ó fi ìyẹ́ àkùkọ wé ìwọ̀ kí ó lè jọ eṣinṣin, ó sọ ọ́ sójú omi. Omi rú díẹ̀, ó fa ọ̀pá yọ. Òfo. Ewé bọ́ sómi, ó tún fà á. Òfo. Ó ń họra, ó ń wo oòrùn, ó ń fà á.

Alákàn yọjú lábẹ́ òkúta. "Ọ̀rẹ́, ṣé ẹja lò ń pa ni, àbí omi lò ń nà?"

"Kò sí ẹja nínú odò yín."

"Wọ́n ti tọ́ ìyẹ́ rẹ wò lójú mi, wọ́n tu ú dànù. Imú lò ń họ nígbà yẹn."

"Wọn kò fa okùn."

"Ẹja kì í kan ilẹ̀kùn kó tó wọlé. Bí omi bá ń lọ tí ìyẹ́ dúró, ẹnu wà lára rẹ̀. Gbé ọrùn ọwọ́ sókè díẹ̀, kíá. Má fi èjìká fà á, wàá fa ẹnu ẹja ya."

"Ara mi kì í gbà kí n jókòó jẹ́ẹ́."

"Jẹ́ kí ẹnu rẹ máa sáré nígbà náà, kí ọwọ́ rẹ jókòó."

Ọ̀bọ sọ ìyẹ́ sómi, ó ń kọrin:

Ìyẹ́ ń lọ o,
*Tẹ̀rẹ̀nà*
Omi ń lọ o,
*Tẹ̀rẹ̀nà*
Oòrùn má yára o,
*Tẹ̀rẹ̀nà*

Ìdí ń yún un, kò họ ọ́. Eṣinṣin bà á nímú, kò lé e. Oòrùn ń gùn.

"Bàbá, ó ti mú un?"

"Ẹ máa gberin."

Ìyẹ́ ń lọ o,
*Tẹ̀rẹ̀nà*

Ìyẹ́ dúró.

Omi ṣì ń lọ. Okùn kò mì. Èjìká Ọ̀bọ fẹ́ fò, ó dá a dúró. Ó gbé ọrùn ọwọ́ sókè bí ẹni ń ṣí ìdérí ìkòkò gbígbóná. Ọ̀pá tẹ̀. Ẹja ti há, ó ń jà.

Ó sáré délé. Ìyá ìyàwó ti pọn ọmọ, ó ti ń wọ bàtà. Ó wo ẹja, ó wo Ọ̀bọ, ó tú ọ̀já.

"Ẹ gbé omi wá, kí a sọ ọmọ lórúkọ."

"Ẹ gbọ́, ẹ̀yin ọmọ: ohun tí à ń wá kì í sábà pariwo nígbà tó bá dé. Ẹni tí kò lè fara balẹ̀ wò ó, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni yóò gbà kọjá. Ibi tí mo bá àlọ́ dé rèé. Bí mo bá parọ́, kí ẹja inú ọbẹ̀ mi lúwẹ̀ẹ́ padà sódò."