Àrífín Tó Sọ Hóró Àgbàdo Di Alámì Tótòtó

Nígbà láéláé, kí aráyé tó mọ àgbàdo sísun, gbogbo hóró àgbàdo ló pupa. Bí o bá bó èèpo kan, pupa ni. Bí o bá bó èkejì, pupa náà ni. Kò sí alámì tótòtó kankan. Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń rí alámì tótòtó lórí ṣùkù, tí ẹ ń pariwo pé ó dára, ẹ jókòó. Ọ̀rọ̀ náà máa ń bí mi nínú, n ó sì sọ ọ́ bó ṣe rí.

Ìyá Àgbàdo bímọ púpọ̀. Gbòǹgbò wà nísàlẹ̀, Ewé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, àwọn yòókù wà lókè. Ogún kan náà ló pín fún gbogbo wọn. Ohun tí Gbòǹgbò gbà ni Ewé gbà. Gbogbo ọgbọ́n ilé pátá, látorí omi fífà dórí òdòdó títan, ló kó fún olúkúlùkù.

Ṣùgbọ́n ó fi òfin kan tì í. Ó ní, gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, ẹni tí iṣẹ́ bá kàn ni kó ṣe é. Gbòǹgbò mọ bí wọ́n ṣe ń tan òdòdó, ṣùgbọ́n ó ti ìlẹ̀kùn ìyẹn pa. Ewé mọ bí wọ́n ṣe ń walẹ̀, àmọ́ ta ló ti rí ewé tó ń walẹ̀ rí? Ilé náà tòrò nítorí pé kálukú mọ ìlẹ̀kùn tó yẹ kí òun ṣí àti èyí tó yẹ kí òun tì.

Iyàrá kan wà nínú ogún náà tí gbogbo wọn gbọ́dọ̀ tì. Àwọn Arìnkiri ló ń gbé ibẹ̀. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti wọlé, kò sì sẹ́ni tó pè wọ́n. Wọn kì í lè jókòó síbì kan. Bí ọ̀kan bá fò jáde, orí iṣẹ́ oníṣẹ́ ló máa lọ jókòó lé, iṣẹ́ náà á sì dúró gbagidi. Ìyá Àgbàdo lé wọn títí, wọn ò lọ. Ìgbà tó sú u, ó tì wọ́n mọ́lé.

Nígbà tó wá tó àkókò tí Ìyá Àgbàdo máa ní ọmọ-ọmọ, ìrùkẹ̀rẹ̀ yọ lórí rẹ̀, lẹ́búlẹ́bú òdòdó sì kún inú rẹ̀. Ẹ má pè é ní eruku o. Nínú ẹyọ kọ̀ọ̀kan, tẹ̀gbọ́n tàbúrò mẹ́ta ló ń gbé ibẹ̀. Nínú ẹyọ tí mo ń sọ yìí, Lànà ni ẹ̀gbọ́n. Àtàndá àti Ìṣọ̀lá ni àbúrò. Lànà ló ni ilé, inú ilé rẹ̀ ni iyàrá àwọn méjèèjì wà.

Ìrìn àjò ń bẹ níwájú wọn. Atẹ́gùn á gbé wọn lọ sílé àna, lórí igi àgbàdo kejì, á sì jù wọ́n sórí irun àgbàdo tó rọ̀ jáde níbẹ̀. Irun kọ̀ọ̀kan ní ìyàwó tó ń dúró nísàlẹ̀ rẹ̀. Lànà ni yóò gbẹ́ ọ̀nà gba inú irun náà, tí yóò sin àwọn àbúrò rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ náà ni yóò kú sí. Kò ní fẹ́yàwó, kò ní bímọ. Àtàndá ni yóò di ọmọ tó wà nínú hóró. Ìṣọ̀lá ni yóò di oúnjẹ tí ọmọ náà ń jẹ, òun náà ni yóò sì di ara hóró tí ayé ń rí. Lànà mọ gbogbo èyí, kò sì kọ̀ ọ́.

Ohun kan ṣì kù kí wọ́n tó gbéra. Ìlẹ̀kùn àwọn àbúrò ò tíì le dáadáa, Arìnkiri tiwọn sì ń fi èjìká tì í láti inú. Nítorí náà, àṣà ilé wọn ni pé kí ẹ̀gbọ́n ṣí iyàrá Arìnkiri tirẹ̀ sílẹ̀, kí ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì ránṣẹ́ sí àwọn àbúrò bí wọ́n ṣe máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ èyí àti bí wọ́n ṣe máa ti ìlẹ̀kùn mọ́ tọ̀hún. Ẹni tí kò rí ojú olè rí, irú àgádágodo wo ló fẹ́ rà?

Lànà ṣí i. Wọ́n tú jáde. Ọ̀kan gun àjà, ọ̀kan da omi nù, ọ̀kan jókòó sínú ààrò. Ilé tó ti ń gbá láti àárọ̀ rẹ̀ dàrú mọ́ ọn lórí. Ó dúró láàárín wọn, ó ń wò wọ́n, ó sì ń ké sí àwọn àbúrò rẹ̀ láti ihò ara ògiri pé ọlọ́rùn gígùn nìyí, ọ̀pá méjì ni kí wọ́n fi ti tirẹ̀.

Ni Ìṣọ̀lá bá yọjú. Ó wo òkè, ó wo ilẹ̀, ó rẹ́rìn-ín.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú o. Ṣé ẹni tí ilé rẹ̀ rí báyìí ló fẹ́ kọ́ wa bí a ṣe ń tilẹ̀kùn?”

Kò tán síbẹ̀. Ó tún ní, táwọn bá dé ilé àna, kí ẹ̀gbọ́n jọ̀ọ́ rọra dúró sẹ́yìn, kí wọ́n má baà rò pé ìran onídọ̀tí ni àwọn. Ọmọ tó sùn mọ́jú nínú ilé ẹni, tó jẹun níbẹ̀, òun ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìwọ̀sí yìí pọ̀ jù. Bó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀rọ̀ á ti parí lójú ẹsẹ̀.

Inú bí Lànà gidigidi.

“Ìṣọ̀lá,” ó ní, “mo mọ ìlẹ̀kùn tì kí wọ́n tó bí ọ. Mo ṣí tèmi kí tìẹ lè tì. Ilé tí ò ń fi ṣẹ̀sín yìí, n kò ní gbé inú rẹ̀ pẹ́ mọ́, inú tìẹ ni ọmọ á ti máa jẹun. Bú mi bó ṣe wù ọ́, ṣùgbọ́n gbọ́ ohun tí mò ń sọ.”

Àtàndá dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Gbogbo ohun tó gbọ́ ló ṣe, ó ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ pinpin. Ìṣọ̀lá wá àkísà, ó fi dí ihò ara ògiri, ó sì nà gbalaja sórí ẹní. Lànà ò dákẹ́. Ó ń ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Ẹni tí wọ́n bú tán, òun náà ló ń bẹ ẹni tó bú u.

Atẹ́gùn dé, ó gbé wọn, ó jù wọ́n sórí irun. Lànà bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀nà. Arìnkiri ń ba ilé jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́, kò sinmi. Bí wọ́n ṣe dé ẹnu ọ̀nà ìyàwó, ó yíjú padà, ó bi Ìṣọ̀lá bóyá ó ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀. Ìṣọ̀lá ní kí ó kúrò lọ́nà, pé ìyàwó ń wò wọ́n.

Lànà kúrò lọ́nà. Ilé rẹ̀ là sí méjì, ó sì kú síbẹ̀. Ìṣọ̀lá rékọjá lára rẹ̀, kò tilẹ̀ wẹ̀yìn.

Àtàndá wọlé, ó di ọmọ, ara rẹ̀ dá ṣáṣá. Ìṣọ̀lá náà wọlé, ó tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀ káàkiri inú hóró, ó sì ní kí Akunlé wá kun òun ní pupa kí ayé lè rí òun. Akunlé ni iṣẹ́ ọ̀dà kàn nínú ogún ilé wọn. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni ìlẹ̀kùn já, tí Arìnkiri fò jáde, tó gun Akunlé lọ́rùn. Ọ̀dà dúró. Ibẹ̀ funfun báláú. Nígbà tó fò kúrò, Akunlé ta pupa díẹ̀ sílẹ̀, òmíràn tún gùn ún. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn, funfun níhìn-ín, pupa lọ́hùn-ún.

Ìgbà yẹn ni Ìṣọ̀lá ń ké.

“Ẹ̀gbọ́n, ọ̀pá mélòó lẹ ní kí n fi ti ti ọlọ́rùn gígùn?”

Ẹni tó mọ̀ ọ́n ti kú sẹ́nu ọ̀nà.

Nígbà tí àgbàdo gbó, Ìyá Àgbàdo wá kí àna rẹ̀ kú ewu ọmọ. Wọ́n jọ bó èèpo. Gbogbo hóró pupa, àfi ẹyọ kan. Àna ń wo Ìyá Àgbàdo, Ìyá Àgbàdo ń wolẹ̀. Àtàndá ló tinú hóró náà sọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kò fi ọ̀kan pamọ́. Ìṣọ̀lá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀bẹ̀. Ó ní kí ìyá àwọn jọ̀ọ́ da èèpo padà bo òun, pé ìtìjú ń pa òun níwájú àna.

“Èmi ò ní bò ọ́,” Ìyá Àgbàdo dá a lóhùn. “Lànà ò ní ọmọ tó máa jẹ́ orúkọ rẹ̀. Ẹni tó bá bó èèpo rẹ ni yóò máa rí ohun tí o ṣe fún un.”

Láti ọjọ́ náà ni hóró alámì tótòtó ti wà lára àgbàdo. Bí ẹnikẹ́ni bá mú un dání lójú yín, tó ní ẹ wo bó ṣe lẹ́wà, ẹ bá mi sọ fún un pé ẹwà kọ́. Àrífín ni.