Abọ́ Ìkọ́kọrẹ́ Tí Ajá Ń Jẹ

Ọkùnrin kan wà, birikilà ni, tí inú rírun kò jẹ́ kó gbádùn. Bó bá jẹun tán, àyà rẹ̀ a máa ta á, omi kíkan a sì máa ru sí i lọ́fun. Ó mu àgbo, kò san. Ó gbààwẹ̀, ńṣe ló tún le sí i.

Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà. Láti ìgbà tó ti gbéyàwó ni màmá yìí ti ń gbé abọ́ ìkọ́kọrẹ́ ránṣẹ́ sí i ní gbogbo Sátidé, torí ó mọ̀ pé kò sí oúnjẹ tó fẹ́ràn tó o. Nígbà tí ìrora pọ̀, ọkùnrin yìí bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí abọ́ náà. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Kòkòrò tó ń jẹ obì, inú obì ló ń gbé." Láti ọjọ́ náà, ajá ilé wọn ló ń jẹ ìkọ́kọrẹ́ màmá. Wọn a fọ abọ́, wọn a dá a padà, wọn a ní ẹ ṣeun.

Oṣù mẹ́fà kọjá. Ajá sanra, irun rẹ̀ ń dán. Inú ọkùnrin náà ṣì ń run ún. Ó ń wo ajá yìí lójoojúmọ́, kò sì rí i.

Nígbà tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà, wọ́n gbé e lọ sílé ìwòsàn. Dókítà bi í pé, "Kí lẹ máa ń kọ́kọ́ fi sẹ́nu láàárọ̀?"

Ó ní hóró oògùn orúnkún méjì ni, torí iṣẹ́ ìnàró-ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà obì, títí òun á fi jẹun lọ́sàn-án. Ó ti tó ọdún mẹ́ta tí òun ti ń ṣe bẹ́ẹ̀.

"Oògùn yẹn ló dá ọgbẹ́ sí yín nínú. Inú òfìfo kọ́ là ń lò ó sí."

"Dókítà, ṣé wọn ò fún mi ní nǹkan jẹ?"

"Ọwọ́ ara yín lẹ fi ń fún ara yín."

Ojú tì í. Nígbà tí ara rẹ̀ yá díẹ̀, ó lọ dọ̀bálẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà màmá, kò lè gbórí sókè. Kó tó sọ̀rọ̀, màmá bi í pé, "Ṣé ajá yẹn ṣì ń jẹun dáadáa?"

Màmá ti mọ̀ láti oṣù àkọ́kọ́. Kò dá oúnjẹ dúró, ó ní bóyá lọ́jọ́ kan ọmọ òun á tọ́ ọ wò. Ọkùnrin yẹn, pẹ̀lú ewú lórí, sunkún bí ọmọdé.

Ìwọ náà gbé abọ́ ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ wá bá mi láàárọ̀ yìí. O fi aṣọ dì í bí ẹni mú olè, o ní oúnjẹ inú rẹ̀ ló ń mú inú run ọ́, kí n gbàdúrà lé e lórí. Mo ti gbọ́. Ọ̀dọ̀ dókítà ni wàá kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n kí o tó dìde, tú àpò ẹ̀wù rẹ síbí, ká wo ohun tó ń dún wọ́rọ́wọ́rọ́ nínú rẹ̀ látìgbà tí o ti wọlé.