Yàrá Tí Ìwé Ò Mọ̀

Ní Sátidé, ọjọ́ kẹfà oṣù kọkànlá ọdún 2021, ọkọ̀ akẹ́rù pa Akínlàbí Ògúnkẹ́yẹ lójú ọ̀nà Ìkìrun. Láti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ti ń pa á lówe ní ọ́fíìsì rẹ̀ pé yàrá tí ìwé ò mọ̀, ìwé ni yóò wó o. Àlejò tó bá gbọ́ ọ a béèrè bí ìwé ṣe ń wó yàrá.

Àwọn ará ọ́fíìsì náà ló ń bójú tó kọ̀ǹpútà tí ilé ìgbẹ̀bí mẹ́sàn-án ń kó àkọsílẹ̀ aboyún sí. Wọn kì í fọwọ́ kọ́ nǹkan kan sórí rẹ̀. Wọn a kọ yàrá ìpamọ́ tí wọ́n fẹ́, ìyẹn ibi tí àkọsílẹ̀ ń wà nínú kọ̀ǹpútà, àti ìwọ̀n rẹ̀ sínú ìwé kan. Ẹ̀rọ a ka ìwé náà, a sì kọ́ ohun tó bá rí níbẹ̀. Èyí tó bá yàtọ̀, ẹ̀rọ a tún un ṣe kó bá ìwé mu. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ a kọ́kọ́ to ohun tó fẹ́ ṣe sójú kọ̀ǹpútà. Ẹnì kan a kà á sókè, ẹnì kejì a dáhùn “mo gbọ́” sí ìlà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n tó gbà fún ẹ̀rọ.

Ní Jímọ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, yàrá ìpamọ́ kún. Òun nìkan ló wà ní ọ́fíìsì. Ó fọwọ́ ara rẹ̀ fẹ̀ ẹ́, ó sì lọ sílé.

Ní ọjọ́ ìsìnkú rẹ̀, Morẹ́nikẹ́ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ fẹ́ yí orúkọ kan péré padà nínú ìwé. Ọ̀gá wọn, Alàgbà Fátókun, ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

“Ṣé torí orúkọ kan la ó ṣe kàwé bí ọmọ iléèwé? Gbà fún un, ká máa lọ.”

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi dáhùn. Ẹni tó ń dá mi lóhùn ló wà nínú pósí.”

Alàgbà padà wá jókòó. Ìlà kìíní, ó gbọ́. Ìlà kejì: ẹ̀rọ yóò wó yàrá ìpamọ́, yóò sì tún un kọ́ sí ìwọ̀n àtijọ́ tó wà nínú ìwé. Alàgbà kò dáhùn.

Yàrá tí a ti fẹ̀ kò ṣeé sọ di kékeré, àfi kí ẹ̀rọ wó o tòun ti ohun inú rẹ̀. Àkọsílẹ̀ ẹgbẹ̀rún mẹ́rin aboyún ló wà nínú rẹ̀, irú ẹ̀jẹ̀ wọn, ọjọ́ ìkúnlẹ̀ wọn. Àwọn kan nínú wọn ń rọbí lọ́wọ́ ní wákàtí náà. Morẹ́nikẹ́ gbé ọwọ́ méjèèjì kúrò lórí bọ́tìnnì, ó fi wọ́n sábẹ́ itan.

“Ta ló fẹ̀ ẹ́?” Alàgbà béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti mọ̀.

“Ẹ má bi mí sà.”

Wọ́n kọ ìwọ̀n tuntun sínú ìwé. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀rọ kò gbọdọ̀ wó yàrá yìí láé. Wọ́n tún bi ẹ̀rọ ohun tó fẹ́ ṣe. Ìlà orúkọ nìkan ló kù. “Mo gbọ́,” ni Alàgbà wí. Wọ́n ti bo sàréè Akínlàbí kí àwọn méjèèjì tó débẹ̀.

Ìwé kò ní ìkà nínú. Ohun tí a bá sọ fún un ló mọ̀. Yàrá tí ìwé ò mọ̀, ìwé ni yóò wó o.

Ohun tí Akínlàbí fi sílẹ̀ lórí tábìlì rẹ̀: ife tíì kan, ṣájà fóònù, awò ojú tí apá rẹ̀ kan ti kán, àti bébà pélébé tó kọ ọ́ sí pé: “Mo ti fẹ yàrá. Kí n kọ ọ́ sínú ìwé ní Mọ́ńdè.”