Ìdí Tí Òróǹro Fi Ń Gbé Abẹ́ Ẹ̀dọ̀

Ààlọ̀ o!

Ààlọ̀!

Ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, Ọkàn wà níbẹ̀, òun ni baálẹ̀ ìlú Ara. Ikùn wà níbẹ̀. Ìfun wà níbẹ̀. Àwọn Kíndìnrín wà níbẹ̀, ìbejì ni wọ́n. Ọwọ́ náà wà níbẹ̀. Ẹnu wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ó pa dé, nítorí ó mọ ohun tó ṣe. Ẹnì kan sì dá dúró lẹ́yìnkùlé. Ààlọ̀ mi kò dá lórí ọba, kò dá lórí ìjàpá. Orí ẹni ẹ̀yìnkùlé yẹn ló dá lé. Òróǹro ni.

Òróǹro korò. Bó bá kí èèyàn, onítọ̀hún á tutọ́. Ẹ̀dọ̀ nìkan ni kì í tutọ́. Ẹ̀dọ̀ ló ń jókòó sẹ́nu ibodè, tó ń sẹ́ májèlé kúrò nínú ohun gbogbo tó bá wọ̀lú, bí a ti ń sẹ́ ògì. Lójoojúmọ́ á ní, "Àbúrò mi, wá jókòó tì mí."

Ẹnu wá mu ògógóró lónìí. Ó mu ún lọ́la. Ó mu ún lọ́tùnla. Ẹ̀dọ̀ sẹ́ ẹ, sẹ́ ẹ, sẹ́ ẹ, títí ó fi wú, tó dúdú, tó ṣubú lulẹ̀ gbì.

Ọkàn ní, "Bí Ẹ̀dọ̀ bá kú, gbogbo wa ló kú. Mo gbọ́ pé epo ara igi àti irúgbìn a máa pa oró májèlé. Ọwọ́, dìde."

Ọwọ́ lọ bá Ọ̀pẹ. Ó gba epo pupa wá. Epo léfòó téńté, kò dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀dọ̀. Ọwọ́ lọ bá igi òrí. Òrí dì gbagidi, kò dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀dọ̀. Ọwọ́ lọ bá yánmọtí. Òróró rẹ̀ yọ̀ ṣọ̀ọ́ gba ẹ̀gbẹ́ kọjá, kò dé ọ̀dọ̀ Ẹ̀dọ̀.

Òróǹro bọ́ síwájú. "Ẹ̀yin àgbà, ẹ jẹ́ kí n gbìyànjú."

Ikùn rẹ́rìn-ín. "Ìwọ wo? Ìwọ tí ẹ̀kán rẹ kan ń ba odindi ìkòkò ọbẹ̀ jẹ́? Àbí o fẹ́ bá wa pa á tán ni?"

"Bàbá Ikùn, òótọ́ ni mo korò. Omi kíkorò yìí nìkan ni mo sì ní. Bó bá tán, mo gbẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Ẹ̀dọ̀ nìkan ló ń ní kí n jókòó."

Ọkàn ní, "Ẹ fi í sílẹ̀."

Òróǹro fún ara rẹ̀ bí ẹni ń fún aṣọ, ó ń kọrin. Ẹ bá mi gbè é:

Ẹ̀dọ̀, ìwọ lo ní n jókòó o,
*Kán tó, omi mi, kán tó.*
Wọ́n tutọ́, ìwọ ò tutọ́ o,
*Kán tó, omi mi, kán tó.*
Bí mo gbẹ, kí ìwọ ṣáà là o,
*Kán tó, omi mi, kán tó.*

Omi kíkorò kán sínú epo. Tó. Tó. Tó. Epo tó léfòó túká, ó fọ́ wẹ́wẹ́ bí ìrì orí koríko. Òrí tó dì yọ́. Òróró tó ń yọ̀ dúró. Gbogbo wọn ṣàn lọ bá Ẹ̀dọ̀, wọ́n bò ó fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Dúdú bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lára rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, bí ìgbà tí ilẹ̀ ń mọ́. Ikùn dọ̀bálẹ̀.

Ẹ̀dọ̀ lajú. "Àbúrò mi dà?"

Ó rí i nílẹ̀, ó ti gbẹ bí awọ. Ó gbé e, ó fi í sábẹ́ ara rẹ̀. "Láti òní lọ, ibí ni ilé rẹ. Omi kíkorò rẹ, èmi ni n ó máa pọn ọ́n fún ọ." Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí dòní.

Ìdí nìyẹn tí a fi ń sọ fún ẹni tí ara rẹ̀ kò balẹ̀ pé kó fẹ̀dọ̀ lórí òróǹro. Ààlọ̀ mi kọ́ wa pé epo dára, ṣùgbọ́n epo kì í dá rìn; ẹni tí à ń tutọ́ sí lè jẹ́ ẹni tó mọ ọ̀nà ìwòsàn. Kí a sì ṣàánú ẹni tó ń bá wa sẹ́ májèlé.

Ìwọ Ìbíwùmí tó jókòó tì mí yìí, bí o bá ń la adìyẹ lọ́la, rọra fi ọ̀bẹ yọ òróǹro kúrò lára ẹ̀dọ̀. Má fà á já.