Ìlàrí Tó Tẹrí Ba fún Ọmọ Rẹ̀

Fèyíṣetán wà ní ọgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì, àti Ládiípọ̀ alága ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, àti bàbá Fèyíṣetán, ìlàrí, ìránṣẹ́ ọba tó fá apá kan orí, tó gbé gàrí wá fún ọmọ rẹ̀. Ẹgbẹ́ náà kórìíra ààfin, ẹ̀rù sì ń ba ọmọ yìí kí wọ́n má mọ ilé tó ti wá.

“Ta ni olórí ààbọ̀ yìí ń wá?” Ládiípọ̀ bèèrè.

“Bàbá mi ló bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́,” Fèyíṣetán dáhùn.

Bàbá gbọ́. Ó tẹrí ba, ó ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí. Bàbá yín ní kí n kí yín.” Ó gbé gàrí kalẹ̀, ó lọ.

Fèyíṣetán wá ilẹ̀ tí yóò wọ̀ tì. Ẹni tó sọ ilé nù, àpò ìyà ló so kọ́.

Ìbídùnní, ìwọ tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, bí bàbá rẹ bá dé kọ́lẹ́ẹ̀jì, kúnlẹ̀ kí i kí ẹnikẹ́ni tó bi ọ́ pé ta ni.