Àgò Ẹyẹlé Búrhánù

Oúnjẹ kì í gba ọ̀fun Ọ̀gágun Súnkúrù lọ bí ọba Mùsùlùmí bá ti yin Búrhánù tó ń sin ẹyẹlé fún un. Níjọ́ tí wọ́n dó ti ìlú olódi àwọn Onígbàgbọ́ tó ti òkè òkun wá tẹ̀dó, Súnkúrù ní, “Kábíyèsí, bí ẹyẹlé yìí bá gbọ́n tó bí ẹ ṣe ń yìn ín, kó gbé lẹ́tà wọ inú odi ọ̀tá, kó gba èsì bọ̀ kí a tó kírun Aláásárì. Bí kò bá ṣe é, ẹ bẹ́ orí Búrhánù.” Ọba gbà. Búrhánù dọ̀bálẹ̀, ó ní, “Ó yá, Kábíyèsí. Ṣùgbọ́n ilé tí a ti tọ́ ẹyẹlé dàgbà nìkan ló ń fò padà sí. Yóò gbé èsì bọ̀ fúnra rẹ̀, àlọ nìkan la ó bá a gbé àgò rẹ̀. Ọ̀tá kò sì ní dá mẹ̀kúnnù bíi tèmi lóhùn, àfi èèyàn ńlá bíi baba wa Súnkúrù.” Ọba gbé àgò náà fún Súnkúrù. Súnkúrù wòkè odi, ó rí àwọn tafàtafà tí wọ́n ti fa ọrun dẹ̀dẹ̀, ó wúkọ́, ó ní, “Kábíyèsí, lẹ́tà yẹn ṣì lè dúró.” Ọba rẹ́rìn-ín, ó ní, “Orí Búrhánù náà lè dúró lọ́rùn rẹ̀ nìyẹn.”